Ẹ Má Tíì Dá Aṣọ Ẹbí: Ikú Àwọn Akọni Kọ́míìkì àti Yẹ̀yẹ́ Tó Yẹ Wọ́n

Ìbéèrè: "Àwa mẹ́rin la máa ń ka kọ́míìkì lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù onígẹrun kan ní Alékúwodò, Òṣogbo. Bí akọni kan bá ti kú, a ó ṣe pósítà ìkéde òkú fún un, a ó gbé e sí status. Tèmi kì í pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n kọ ò ju 'ẹ má sunkún, yóò jí' lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ikú inú kọ́míìkì ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tí yóò padà àti ọ̀nà tí yóò gbà dé, kí yẹ̀yẹ́ tèmi náà lè dùn?"

Ìdáhùn: Àwọn ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ mọ́ yín. "Yóò jí" kì í ṣe àwàdà mọ́ láàárín àwọn tó ń ka kọ́míìkì. Ẹni tó bá sọ fún ará Òṣogbo pé omi wà nínú odò Ọ̀ṣun, kí ló sọ? Ikú akọni lè mú omi jáde lójú ẹni, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ dáadáa nígbà mìíràn. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe nígbà tí òkú bá dé ni ẹ̀rín wà. Bí ẹ bá mọ àlàyé náà tìfun-tẹ̀dọ̀, pósítà yín yóò dùn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó kàn máa pariwo ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó lókìkí jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ DC pa Superman nínú Superman nọ́ńbà 75. Ẹhànnà kan tí wọ́n ń pè ní Doomsday ló lù ú pa níwájú ilé ìwé ìròyìn Daily Planet, òun náà sì lu Doomsday pa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó sójú ewé. Ẹ mú ìwé mẹ́ta tó kẹ́yìn kí nọ́ńbà 75 tó dé nínú ìjà yẹn. Nínú àkọ́kọ́, àpótí àwòrán mẹ́rin ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan; nínú èkejì, mẹ́ta; nínú ẹ̀kẹta, méjì. Nígbà tó wá kan nọ́ńbà 75, àwòrán kan ṣoṣo ló gba odindi ojú ewé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dà bí ẹni ń ka èémí tó kù nínú aláìsàn. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà nìyẹn, kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.

Yẹ̀yẹ́ wà nínú ọ̀rá. Wọ́n di ìwé náà sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n ya S tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sí. Ẹni tó bá ya ọ̀rá náà yóò bá pósítà nínú rẹ̀, àti ìkéde òkú tí Daily Planet kọ, àti sítáǹbù, àti káàdì kan, àti aṣọ dúdú tí wọ́n ń so mọ́ apá láti fi ṣọ̀fọ̀. Ẹ gbọ́ ná: àwọn tó pa ọkùnrin náà ló ta aṣọ ẹbí òkú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré nìyẹn, kò sì sí "yóò jí" kankan nínú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi pa á tún dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òǹkọ̀wé ti ń múra láti jẹ́ kó gbé Lois Lane, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, níyàwó. Eré tẹlifíṣọ̀n kan tó dá lórí àwọn méjèèjì ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n bá ní kí ìgbéyàwó ṣì dúró. Ìwé oṣooṣù kò ṣeé fi sílẹ̀ lófìfo, ni wọ́n bá fi òkú dí àyè ìyàwó. Ìgbà tí ìgbéyàwó náà yóò fi wáyé ní 1996, ọkọ ìyàwó ti kú, wọ́n ti sin ín, ó sì ti jí. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ẹni mẹ́rin ló jáde tí wọ́n ń jẹ orúkọ rẹ̀: ẹnjiníà kan tó rọ ẹ̀wù irin fún ara rẹ̀, ọmọdékùnrin kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ hù, ẹ̀rọ àtijọ́ kan láti Krypton, ayé tí wọ́n ti bí i, tó gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀, àti ẹnì kan tó jẹ́ ìdajì irin, tó padà wá di ọ̀tá. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí: bàbá olówó kú láìṣe ìwé ìhágún. Nígbà tí ẹni tó kú gan-an wá dé ní 1993, irun rẹ̀ ti gùn dé èjìká. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní ṣọ́ọ̀bù onígẹrun, bí ẹ kò bá rí pósítà ṣe nínú ìyẹn, ẹjọ́ kì í ṣe tèmi mọ́.

Kí ló dé tí wọn kì í kú pátápátá? Akọni kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ ìtàn rẹ̀. Dúkìá ilé-iṣẹ́ ni, bí oko kókó tí bàbá fi sílẹ̀. Òǹkọ̀wé dà bí alágbàro: ó lè gé ẹ̀ka, ó lè fi iná sun ìgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀. Aṣọ, orúkọ àti àmì àyà ni wọ́n ń tà lára bọ́ọ̀lù, lára báàgì ọmọ iléèwé, lára súwẹ́ẹ̀tì. Bí òǹkọ̀wé kan bá lọ, òmíràn yóò dé, òun náà ti ka ìwé yẹn ní kékeré, akọni tó fẹ́ràn nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ló sì máa fẹ́ jí. Barry Allen, Flash ìgbà náà, akọni asáré, kú ní 1985. Ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà, 2008, ó sáré padà. Àwọn ọmọ tó sunkún nígbà tó kú ti dàgbà nígbà yẹn, àwọn kan nínú wọn ló jókòó sídìí tábìlì òǹkọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, retcon. Òǹkọ̀wé tuntun yóò padà sẹ́yìn, yóò yí ìtumọ̀ ohun tí a ti fojú ara wa rí padà, láì fọwọ́ kan ojú ewé àtijọ́. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ní Òṣogbo yìí náà ni Dúró Ládípọ̀ ti gbé ìtàn Ṣàngó sórí ìtàgé ní àwọn ọdún 1960, ẹ sì mọ gbólóhùn tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: ọba kò so. Igi àyàn wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀, àwọn kan ní àwọn rí i. Àwọn olólùfẹ́ ọba ní kò so, ààrá sì ń bẹ fún ẹni tó bá ní ó so. Iṣẹ́ tí àwọn olóòtú kọ́míìkì ń ṣe nìyẹn, àfi pé wọn ò ní ààrá.

Kò-so tó lágbára jù nínú kọ́míìkì ni ti Jean Grey. Ó kú nínú X-Men, ìwé ẹgbẹ́ akọni kan ti ilé-iṣẹ́ Marvel, nọ́ńbà 137, ọdún 1980. Agbára kan tí wọ́n ń pè ní Phoenix ti sọ ọ́ di Dark Phoenix nígbà yẹn, ó ti jẹ oòrùn kan, ayé tó wà nítòsí oòrùn náà sì run pẹ̀lú bílíọ̀nù márùn-ún ẹ̀dá. Chris Claremont àti John Byrne, àwọn tó ń ṣe ìwé náà, fẹ́ kí wọ́n kàn gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé. Jim Shooter, olóòtú àgbà Marvel, ní ẹni tó pa irú èrò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n pa á. Ikú náà dára, ó ní ìwọ̀n. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ wá fẹ́ kó àwọn X-Men márùn-ún àkọ́kọ́ jọ sínú ìwé tuntun tí wọ́n pè ní X-Factor, Jean sì jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ fi ẹni tó jẹ oòrùn ṣe akọni? Ẹ sọ pé òun kọ́. Wọ́n rí ìdì kan nísàlẹ̀ omi Jamaica Bay ní New York, Jean gidi ń sùn nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ oòrùn, tó sì kú, agbára Phoenix ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀. Ẹ̀yin ń gbé Alékúwodò, ẹ sì ń bi mí bí yẹ̀yẹ́ ṣe ń dùn! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "A lé ikú wọ odò, ó bá Jean níbẹ̀ tó ń sùn."

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Cyclops, ọkọ àfẹ́sọ́nà Jean, ti gbé ìyàwó mìíràn, Madelyne Pryor, ó jọ Jean bí ìbejì, ó sì ti bímọ fún un. Nígbà tí wọ́n pè é pé Jean ti dé, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Akọni kẹ̀? Láti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gàn, wọ́n ní Madelyne kì í ṣe ènìyàn bí àwa, clone Jean ni, wọ́n fi ẹ̀yà ara Jean hù ú, ọ̀tá kan ló ṣe é. Ẹ ṣọ́ èyí dáadáa tí ẹ bá ń ka ìwé: àlàyé kan máa ń bí àlàyé mìíràn ni, ọmọ-ọmọ àlàyé ló sì máa ń pani lẹ́rìn-ín jù. Lérò tèmi, jíjí tí wọ́n jí Jean ba ìwé nọ́ńbà 137 jẹ́, ó sì fún wa ní yẹ̀yẹ́ ogójì ọdún. Ó kú lẹ́yìn ìgbà yẹn náà, ó tún jí. Àbíkú ni. Ẹ lè fi orúkọ Málọmọ́ tàbí Dúrójayé sórí pósítà rẹ̀ láìṣàlàyé kankan.

Àkúdàáyà tún wà. Ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: a ti sin ín ní Òṣogbo, oníṣòwò kan lọ rí i tó ń ta aṣọ ní Kánò. Norman Osborn ni Green Goblin, ọ̀tá Spider-Man. Ní 1973, nínú Amazing Spider-Man nọ́ńbà 121, ó ju Gwen Stacy, ọ̀rẹ́bìnrin Spider-Man, sílẹ̀ láti orí afárá. Spider-Man ta okùn mú un lẹ́sẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọmọbìnrin náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, "snap". Kò tóbi. Ẹni tó bá ń ka ìwé yára lè fò ó. Mímú tó fẹ́ fi gbà á là ló ṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Nínú nọ́ńbà 122, ọkọ̀ òfurufú Goblin fúnra rẹ̀ gún un láyà, òun náà kú, gbogbo wa rí òkú rẹ̀. Ní òpin 1996 ó padà: Yúróòpù ló wà láti ọjọ́ yìí wá. Ọdún mẹ́tàlélógún, kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè. Mo fi èyí hàn yín nítorí àwọn kan ń pariwo pé "tí ẹ kò bá ti rí òkú, kò tíì kú." Òfin yẹn kò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò. A rí òkú Norman. A rí òkú Superman, wọ́n tún gbé e sínú sàréè. Òkú tí a rí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ti Ẹ̀dà, mo lè sáré kọjá rẹ̀, nítorí ó rọrùn: ẹni tó kú kì í ṣe òun. Ó lè jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì; Doctor Doom, ọ̀tá ńlá kan, ní wọn lọ́pọ̀ yanturu, Doombot ni wọ́n ń pè wọ́n. Byrne kò fẹ́ràn bí ìwé X-Men kan ṣe jẹ́ kí ọ̀tá kékeré kan ṣá ìṣáná sára ẹ̀wù irin Doom. Ní 1983, nínú ìwé tirẹ̀, ó kàn ní Doombot ni wọ́n ṣá a sí lára. Ó lè jẹ́ Skrull, àwọn ẹ̀dá òfurufú tó ń yí àwọ̀ padà. Tàbí kó jẹ́ Xorn, ọ̀kan nínú àwọn X-Men: ní 2003 ó ṣí ìbòjú, Magneto, ọ̀tá wọn àgbà, ni; wọ́n gé orí rẹ̀; ní 2004 Magneto jókòó láyọ̀, wọ́n wá ní Xorn ló ṣe bíi Magneto tó ń ṣe bíi Xorn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọba gbogbo wọn ni Aunt May, ìyá àgbà tó tọ́ Spider-Man dàgbà. Ó kú nínú Amazing Spider-Man nọ́ńbà 400, ọdún 1995, ikú pẹ̀lẹ́, ikú àgbà, lórí ibùsùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó wà lára àwọn ìwé Spider-Man tó dára jù ní àsìkò náà. Ní 1998, May dé. Ta ni a sin? Òṣèrébìnrin kan tí Norman Osborn háyà, tó tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe kó jọ May, tó ń ṣe May lọ títí ó fi kú gẹ́gẹ́ bíi May. Ẹ ronú lé obìnrin yẹn lórí díẹ̀. Kò kúrò nínú ipa rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kò sí dírẹ́kítọ̀ tó pariwo "cut". Ó kú tán, wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sórí sàréè. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú fíìmù Yorùbá, ẹ̀yin lẹ yẹ kí ẹ ṣe pósítà fún òun, kì í ṣe fún May.

Ikú tó jẹ́ pé òǹkàwé ló dìbò fún un tún yàtọ̀. Jason Todd ni Robin kejì, ọmọ ẹ̀yìn Batman. Ní 1988, Joker, ọ̀tá Batman, fi ọ̀pá irin lù ú, ó sì fi bọ́ǹbù tì í sínú ilé. DC tẹ nọ́ńbà fóònù méjì sẹ́yìn ìwé: ọ̀kan fún kó yè, ọ̀kan fún kó kú, 50 sẹ́ǹtì fún ìpè kan. 5,343 ní kó kú; 5,271 ní kó yè. Ìpè 72 ló pa ọmọ náà. Ó sì kú dáadáa, ọdún mẹ́tàdínlógún. Ní 2005, a mọ̀ pé òun ni Red Hood tó ń da Batman láàmú. Ní 2006 wọ́n ṣàlàyé bó ṣe jí: Superboy-Prime, ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn òpin ayé, ń bínú, ó ń lu ògiri òtítọ́ ní ẹ̀ṣẹ́, ìgbì ẹ̀ṣẹ́ náà dé inú pósí Jason. Jason la ojú, ó fi èékánná gbẹ́ ara rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rì í sínú kòtò omi Lazarus, kí ọpọlọ rẹ̀ lè padà. Láti ìgbà yẹn, bí ohunkóhun bá ti ṣòro ṣàlàyé, àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì yóò ní ẹ̀ṣẹ́ Superboy ló fà á. Ẹ lè lò ó fún NEPA.

Àwọn àgbà òǹkàwé ní òwe kan tẹ́lẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń kú pátápátá nínú kọ́míìkì àfi Bucky, Jason Todd àti Uncle Ben, ẹni tó tọ́ Spider-Man dàgbà. Bucky Barnes, ọmọ ẹ̀yìn Captain America, kú ní 1945 nínú ìtàn, ní 1964 ni wọ́n sì sọ ọ́ fún wa. Ní 2005 kan náà tí Jason dé, Ed Brubaker àti Steve Epting mú Bucky padà: àwọn ará Soviet ló gbé e lómi, wọ́n fún un lápá irin, wọ́n ń dì í sínú yìnyín láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, wọ́n ń lò ó bí apànìyàn. Lójú tèmi, jíjí tó dára jù lọ nínú gbogbo wọn nìyí, torí kò pa ẹ̀dùn ọkàn rẹ́, ṣe ló fi kún un. Kò wá dára fún yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òwe náà kù sọ́rùn Uncle Ben nìkan, ẹni tó ti kú láti 1962.

Èyí ló gbé mi dé ibi àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ bi ara yín: ta ni yóò pàdánù bí ẹni yìí bá jí? Bí Uncle Ben bá jí, Spider-Man kò nídìí láti máa jáde lóru. Bí òbí Batman bá jí, Batman á lọ sùn. Ikú tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíràn, wọn kì í wú u. Gwen náà wà ní ìsọ̀rí yìí. Wọ́n ti ṣe clone rẹ̀, wọ́n ti mú Gwen ayé mìíràn wá, ṣùgbọ́n ti orí afárá ṣì kú. Akọni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí èèpo ìwé, ìyẹn yóò padà, ẹ má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí bóyá. Ìgbà wo àti ọ̀nà wo ni kí ẹ máa jiyàn lé.

Fún ìgbà wo, ẹ wo kàlẹ́ńdà àti nọ́ńbà. Johnny Storm, Human Torch, kú nínú Fantastic Four nọ́ńbà 587, oṣù kìíní 2011. Ìwé náà dúró ní 588, òmíràn tó ń jẹ́ FF rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Fantastic Four padà pẹ̀lú nọ́ńbà 600, Johnny sì wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tó pé bí 600 kì í kọjá láìsí àlejò. Fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n náà ń fa òkú jáde: wọ́n pa Alfred, ìránṣẹ́ Batman, ní 1964, eré Batman bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1966 pẹ̀lú Alfred nínú rẹ̀, ọdún yẹn náà ló jí nínú ìwé. Kamala Khan, Ms. Marvel, kú ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, nínú ìwé Spider-Man, ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀; fíìmù tó wà nínú rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá; nígbà tí oṣù keje yóò fi parí, ó ti jí. Fídáù ogójì ọjọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán! Ilé-iṣẹ́ tún máa ń kéde ìwé tó ń bọ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí àwọn olùtajà lè béèrè iye tí wọ́n fẹ́. Ẹ ka ìkéde yẹn. Òkú tí wọ́n ti ya sára èèpo ìwé oṣù mẹ́ta sí i, ẹ lè dárò rẹ̀ pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́.

Àwọn X-Men tilẹ̀ ti sọ ọ́ di iṣẹ́ fáàtìrì ní 2019, ní erékùṣù Krakoa. Ènìyàn márùn-ún ló ń ṣe é títí ìtàn erékùṣù náà fi parí ní 2024. Ọmọkùnrin kan tí gbogbo wa ti ń fi rẹ́rìn-ín láti 2013, torí bọ́ọ̀lù wúrà nìkan ló mọ̀ ọ́n yọ lára, ẹyin ni bọ́ọ̀lù náà. Proteus ń mú kí ẹyin gba ẹ̀mí, Elixir ń fi ẹ̀mí sí i, Tempus ń mú un dàgbà kíákíá, Hope ń so agbára wọn pọ̀. Ọkàn ẹni náà ti wà nípamọ́ nínú ẹ̀rọ Cerebro, Xavier, olórí wọn, ń dà á padà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n pa ọkàn rẹ̀ mọ́ kẹ́yìn, kò ní rántí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi rí, tó wá dá WhatsApp padà láti backup aago méjì òru, ó mọ ohun tí mò ń wí.

Ó wá kan pósítà fúnra rẹ̀. Agbára rẹ̀ ni pé kó jọ pósítà gidi: àwòrán, ọjọ́, ètò ìsìnkú, àwọn tó gbẹ̀yìn. Ẹ fi ojú kan tí kò yí padà kọ ọ́, bí ẹni ń kéde òkú ìyá ìjọ. Òtítọ́ inú kọ́míìkì kan péré ni kí ẹ gbé sínú rẹ̀, méjì bó bá pọ̀ jù, kí ẹ sì fi í sí ibi tí wọ́n kò retí. Gbólóhùn márùn-ún ti tó. Ẹ wo ti Johnny:

"Ó dìgbà díẹ̀. Pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́ ni a fi kéde ìrìnàjò ránpẹ́ ọmọ wa, Johnny Storm, tó lọ ní nọ́ńbà 587. Fídáù ọjọ́ kẹjọ: a sún un síwájú, òkú ní òun fẹ́ wà níbẹ̀. Níbi tó lọ, kó má jọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, àfi bí Annihilus bá se é. Ìpadàbọ̀: nọ́ńbà 600, ẹ mú owó dání."

Annihilus wà níbẹ̀ torí òun ló ń pa Johnny tó tún ń jí i léraléra ní gbogbo oṣù tí a fi ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó mọ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ̀ yóò béèrè. Bí ẹ bá kọ àlàyé sábẹ́ pósítà, ẹ ti pa á, èyí kò sì ní jí.

Ohun tó máa ń ba pósítà jẹ́ kò pọ̀. Nọ́ńbà àṣìṣe ni àkọ́kọ́: ẹ kọ 120 dípò 121 fún Gwen, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ yẹ̀yẹ́ yín mọ́, àríyànjiyàn ni ẹ ó fi parí rẹ̀. Ìkejì, ìkánjú. Ẹ fún àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ kan láti ka ìwé kí ẹ tó gbé òkú síta. Ìkẹta, pósítà tó jọ òótọ́ jù. Ìyá ẹnì kan á rí "Ó dìgbóṣe" lórí status ọmọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, yóò ti pe gbogbo ẹbí kó tó rí ìbòjú. Àwòrán tó ní ìbòjú tàbí aṣọ akọni ni kí ẹ fi sókè, kó tóbi, kí ẹ sì kọ "kọ́míìkì" lórí rẹ̀ gàdàgbà. Bí ọ̀fọ̀ gidi bá wà ládùúgbò, ẹ dúró. Ẹ sì fi Captain Marvel àtijọ́, Mar-Vell, sílẹ̀: jẹjẹrẹ ló pa á ní 1982, lórí ibùsùn, gbogbo akọni dúró tì í, agbára wọn kò ràn án. Wọn kò tíì mú un padà bọ̀ bí wọ́n ti ń mú àwọn yòókù bọ̀. Ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lè ti jókòó ti irú ibùsùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ogójì ewé kan, kó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Bí akọni bá ti kú, kí ẹni kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, nọ́ńbà ìwé, iye oṣù tó rò pé yóò fi kú, àti ọ̀nà tí yóò gbà dé: àbíkú, àkúdàáyà, ẹ̀dà, kò-so, omi tàbí ẹyin. Ẹ tẹ ojú ewé náà pọ̀, ẹ fi pín-ìn mú un. Máàkì kan fún ẹni tí oṣù rẹ̀ súnmọ́ jù, mẹ́ta fún ẹni tó mọ ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ "yóò jí" lásán, òdo.

Àmì ohùn wá kù. Ẹ má fi í ṣeré. Bí ẹ bá fẹ́ pe Jean ní Kòsọ́kọ́, pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ sàréè rẹ̀ ti tán, tí ẹ wá kọ "Ko soko" láìsí àmì, ẹnì kan á kà á pé kò sóko, ẹlòmíràn á kà á pé kò sọ́kọ. Bí a bá sì wo ohun tí Cyclops ṣe, èyí tó kẹ́yìn yẹn kò kúkú burú.